Èdè Kọ̀ǹpútà Wo Ló Kàn? Àlàyé fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Tí Ń Ṣe Ojú-Òpó Ayélujára

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ọ̀dọ́ kan tàbí méjì ni ó ń bójú tó ojú-òpó ayélujára ìjọ. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìwàásù sórí rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń kéde ìsìn ìkórè àti ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, àwọn náà ni a sì ń ké pè ní òru Sátidé nígbà tí ojú-òpó náà bá kọ̀ tí kò ṣí. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WordPress. Wọ́n kọ́ HTML àti CSS, wọ́n gbọ́ PHP díẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ JavaScript wò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó bá tó ọdún kan tàbí méjì, ìbéèrè kan a máa dìde lọ́kàn wọn, wọn a sì gbé e wá sọ́dọ̀ òbí àti àlùfáà wọn: èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí n kọ́ tẹ̀lé èyí tí mo gbọ́?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, owó dátà wà níbẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè gba odidi oṣù mẹ́fà nínú ìgbà èwe ọmọ ènìyàn. Ọmọ tí ó bá yan èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu lè gba ìwé-ẹ̀rí bọ̀ wálé, kí ó sì tún padà sídìí iṣẹ́ àná, láìsí ohun tí ó yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, àti ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin bàbá wa àlùfáà tí wọ́n ń tọ̀ wá fún ìmọ̀ràn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya àwọn ohun tí a sábà máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ìtàkùn ayélujára sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN ní Switzerland. Ọdún 1989 ni ó kọ àbá rẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. HTML tí ó ṣe ni a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. CSS ni a fi ń ṣe ojú-ewé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣírò, wọn kì í sì í pinnu ohunkóhun. PHP, JavaScript, Python àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni ó ń ṣe ìyẹn. WordPress, Laravel àti React kì í ṣe èdè rárá. Irinṣẹ́ ni wọ́n: PHP ni a fi kọ WordPress àti Laravel, JavaScript sì ni ti React. Ọ̀dọ́ tí ó bá kúrò nínú WordPress bọ́ sínú Laravel lè rò pé òun ti gbọ́ èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni ó wà, yàrá ni ó pààrọ̀.

Ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí àwa ọmọ ìjọ mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Larry Wall, àti ìyàwó rẹ̀ Gloria kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ èdè ní Yunifásítì California ní Berkeley. Èrò ọkàn wọn ni láti bá àwọn Wycliffe tí ń túmọ̀ Bíbélì ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ wá èdè kan rí, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ sílẹ̀ rí, kí wọ́n ṣe ìlànà ìkọ̀wé fún un, kí wọ́n sì túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sínú rẹ̀. Àìlera kò jẹ́ kí ìrìn-àjò náà ṣeé ṣe. Wall gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá ọdún 1987, ó gbé èdè kọ̀ǹpútà kan jáde tí ó pè ní Perl. Inú òwe Olúwa wa nípa oníṣòwò tí ó rí pẹrílì iyebíye, tí ó wà nínú Mátíù orí 13, ni ó ti mú orúkọ náà. Lẹ́tà kan ni ó yọ kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé èdè mìíràn ti ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú. Ìmọ̀ tí ó ní nípa èdè ènìyàn hàn nínú èdè tí ó ṣe fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ṣe lè pe nǹkan lórúkọ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì máa sọ “ó” láti ibẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Perl ṣe lè ṣe. Ìlànà rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Fún ọdún púpọ̀, Perl ni ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú-òpó máa dá ènìyàn lóhùn ń kọ́. Òun ni wọ́n fi kọ Slashdot, òun náà ni wọ́n fi kọ Craigslist. Ṣùgbọ́n PHP, tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní 1995, rọrùn jù ú lọ láti fi sáàárín HTML, àwọn tí ń yá ènìyàn láàyè lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojú-òpó ń gbé lórí rẹ̀, sì ń pèsè rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 2000, àwọn oní-Perl kéde pé àwọn yóò tún èdè náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ọdún 15 ni ó gbà wọ́n. Kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 2015, ọjà ti tú. Ní 2019 wọ́n yí orúkọ èdè tuntun náà padà sí Raku, Perl àtijọ́ sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣì ń lò ó.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ́ Perl ní ọdún 1998 pàdánù? Ó tì o. Ọ̀nà tí Perl ń gbà wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, tí ènìyàn fi lè sọ pé “bá mi wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà mẹ́rin bá ti tẹ̀léra”, tàn ká débi pé ó wọ inú PHP, ó wọ JavaScript, ó sì wọ Python. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú Perl mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ ActionScript le díẹ̀ ju èyí lọ. Òun ni èdè tí a fi ń ṣe àwọn ojú-ewé Flash tí àwòrán wọn ń lọ tí ń bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìjọ fẹ́ràn láàárín ọdún 2000 sí 2010. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Adobe, ni kọ́kọ́rọ́ Flash wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Adobe ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, gbogbo iṣẹ́ tí a fi ṣe kò ṣí mọ́ nínú bùráúsà. Ìbátan JavaScript ni ActionScript, nítorí náà ìmọ̀ kò ṣòfò tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń yan èdè gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí Wall kò lè wá ṣe nílẹ̀ Áfíríkà, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ti ṣe é fún èdè wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ó gbà kọ́ àwọn èdè mìíràn. Nígbà tí ó wà ní Fourah Bay ní Sierra Leone, ó kọ́ èdè Temne, nítorí pé àwọn Temne ni ó wà yí i ká. Nígbà tí iṣẹ́ ìránṣẹ́ Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ ní 1857, ó tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè Ìgbò jáde ní ọdún kan náà. Gírámà èdè Núpé tẹ̀lé e ní 1864. Iṣẹ́ ni ó ń pe èdè. Crowther kò jókòó sí Freetown kí ó máa bi ènìyàn pé èdè wo ló gbajúmọ̀ jù. Lójú tèmi, ìlànà yìí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń ṣe ojú-òpó lò. Kí ó wo iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó wo ohun tí èdè tí ó gbọ́ kò lè ṣe níbẹ̀, kí ó sì kọ́ èyí tí yóò ṣe é.

Bí a bá fi ojú yìí wò ó, èdè tí ó kàn fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe èdè tuntun. JavaScript ni, èyí tí wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́. Brendan Eich ni ó ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní 1995, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré, ìkánjú náà sì hàn lára rẹ̀ títí di òní. (Kì í ṣe Java o, orúkọ ni wọ́n fi jọra, ọ̀tọ̀ ni baba tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan.) Síbẹ̀ òun ni gbogbo bùráúsà gbọ́ tààrà láìsí ògbufọ̀, yálà lórí kọ̀ǹpútà ńlá tàbí lórí fóònù. Láti 2009, nígbà tí Ryan Dahl gbé Node.js jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń da JavaScript tí ẹlòmíràn kọ kọ, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú-ewé, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dáwọ́ dúró wọn kò mọ ìdí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ délẹ̀ lè ṣe ìwé orin tí yóò ṣí nínú ìsìn nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lọ. PHP kò lè ṣe ìyẹn, nítorí orí sáfà ni ó ń gbé, bí ọ̀nà bá sì ti dí, ohùn rẹ̀ kò lè dé etí fóònù. Lẹ́yìn èyí, TypeScript tí Microsoft gbé jáde ní 2012 kò ní le fún un, nítorí JavaScript náà ni, tí a fi ìṣọ́ra kún un, kí ènìyàn má baà fi orúkọ sí ibi tí iye yẹ kí ó wà.

Èkejì ni SQL, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ni wọ́n ṣe é ní ilé-iṣẹ́ IBM ní 1974, òun sì ni a ṣì fi ń bá àká ìsọfúnni sọ̀rọ̀. Gbogbo ìwàásù tí ó wà nínú WordPress, inú irú àká bẹ́ẹ̀ ni ó wà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó láti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ṣe fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tí olè yóò kọ àṣẹ sínú rẹ̀ dípò orúkọ, tí àká yóò sì kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọrẹ gbogbo ọmọ ìjọ fún un. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì wà nílẹ̀ báyìí. Kò yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀ nínú ọ̀ràn pípa ìsọfúnni àwọn ènìyàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àwa tí ń kọ Yorùbá ni ó kàn jù. Ẹ mú orúkọ yìí: Ọlọ́run. Lójú ẹni tí ń kà á, lẹ́tà mẹ́fà ni. Ẹ lo strlen láti bi PHP pé mélòó ni, yóò ní 12. Ẹ bi JavaScript tàbí Python, wọn yóò ní 7. Ẹ bi Raku tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí Swift ti ilé-iṣẹ́ Apple, wọn yóò ní 6. Kò sí èyí tí ó parọ́ nínú wọn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kà ni ó yàtọ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní nọ́ńbà, ó ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Lẹ́tà ọ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn òkè lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. JavaScript àti Python ka àmì náà mọ́ lẹ́tà, wọ́n sì rí 7. PHP ń ka iye àyè tí ọ̀rọ̀ náà gbà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ nìkan ti ń gba àyè mẹ́ta, tí àmì ohùn sì ń gba méjì. Swift àti Raku ni wọ́n ń ka ohun tí ojú ènìyàn rí.

Ó kù síbẹ̀. A tún lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà tí àmì ìsàlẹ̀ pàápàá yóò dá dúró, bí pátákó ìtẹ̀wé àwọn fóònù kan ti ń ṣe. Nígbà náà JavaScript àti Python yóò ní 9. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín èkíní àti èkejì. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Akọ̀wé ìjọ tẹ orin sínú ojú-òpó lọ́nà kan, ìyá àgbà wá a lórí fóònù rẹ̀ lọ́nà kejì, ojú-òpó sì dá a lóhùn pé kò sí irú orin bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti àkọlé ìròyìn tí a fi PHP gé kúrú: bí ó bá gé e sí àárín ọ, àmì ìbéèrè dúdú ni yóò yọ sí ojú-ewé dípò lẹ́tà. Gbogbo ẹni tí ó ń ka ìròyìn ìjọ lórí ayélujára ti rí àmì yẹn rí.

Oògùn rẹ̀ wà. Kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo kí a tó tọ́jú rẹ̀, kí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ẹni tí ń wá nǹkan bá tẹ̀. JavaScript ti ní i nínú ara rẹ̀ láti ọdún 2015, ó ń jẹ́ normalize. Python ní i nínú unicodedata. PHP ní i nínú àfikún kan tí ń jẹ́ intl, èyí tí àwọn tí ń yáni láàyè lórí sáfà kì í tan nígbà mìíràn àfi bí a bá béèrè. Kí a sì ṣe ẹ̀dà kejì tí a yọ gbogbo àmì kúrò lórí rẹ̀ fún wíwá nìkan, kí ẹni tí ó bá tẹ “Olorun” lè rí ohun tí ó ń wá. Ọ̀dọ́ tí ó bá fi èdè kọ̀ǹpútà mẹ́ta kún èyí tí ó gbọ́, tí kò sì mọ èyí, ojú-òpó rẹ̀ yóò ṣì máa pàdánù orin. Bí àwọn ojú-òpó tiwa kò bá wá Yorùbá rí, èmi kò mọ ẹni tí a ń retí kí ó ṣe é fún wa.

Ní ti àwọn èdè yòókù, mo lè sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ìṣírò, àkọsílẹ̀ tí ó pọ̀, tàbí kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ènìyàn. Òun ni àwọn Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, ń lò jù. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní ìfẹ́ sí èdè Yorùbá, kí ó gba ibẹ̀ lọ lẹ́yìn JavaScript. Kotlin wà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe áàpù fóònù Android. Google ti sọ ọ́ di àyànfẹ́ níbẹ̀ láti 2019. Go àti Rust lágbára, wọ́n sì níyì, ṣùgbọ́n mi ò tí ì rí ohun tí ojú-òpó ìjọ fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Èyíkéyìí tí ó bá yàn, ọ̀kan ni kí ó mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Kí ó mú iṣẹ́ kékeré kan tí ó ti ṣe rí, bí àtẹ nọ́ńbà orin àti ìlà àkọ́kọ́ wọn, kí ó tún un ṣe pátá nínú èdè tuntun náà láìwo ti àtijọ́. Níbi tí ó bá ti há ni ẹ̀kọ́ wà. Kí a tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kankan, kí òbí béèrè pé kí wọ́n fi iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ṣe han òun lórí ayélujára. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ tí ó dára: MDN ti Mozilla wà fún JavaScript, freeCodeCamp wà láti 2014, ìwé ìtọ́sọ́nà PHP àti ti Python sì ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a máa kà wọ́n láìná dátà mọ́.

Láti ìgbà tí ChatGPT ti dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn kan ń sọ pé kò sí ìdí láti kọ́ èdè kọ̀ǹpútà mọ́, pé ẹ̀rọ yóò kọ ohun gbogbo. Òótọ́ ni pé ó ń kọ púpọ̀, ó sì ń kọ JavaScript àti Python dáradára nítorí pé ó ti ka ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe ẹ̀rọ ìwá-orin kan, ó lè ṣe é kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ 7 àti 9 tí a sọ lókè yìí. Orin tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ yóò jáde, gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó pé. Ẹni tí ó mọ èdè náà ni yóò ka kóòdù náà, tí yóò sì rí ibi tí ó ti kù.

Bí ìjọ kan bá ní irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, dátà oṣù mẹ́ta àti iṣẹ́ kan pàtó yóò ṣe é láǹfààní ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Kí wọ́n fún un ní àtẹ orin ìjọ, kí wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè wá orin nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, lórí fóònù, bí nẹ́tíwọ̀kì wà tàbí kò sí. Nígbà tí ó bá délẹ̀, kí wọ́n gbé e fún àwọn ìyá àgbà inú ìjọ, kí wọ́n tẹ orúkọ orin tí wọ́n fẹ́, kí ọ̀dọ́ náà sì jókòó tì wọ́n, kí ó máa kọ èyí tí kò jáde sílẹ̀.